Ẹnìkẹta Nínú Ọkọ̀

Orí bẹ́ńṣì kan náà ni Aránṣọ àti Nọ́ọ̀sì jọ jókòó sí nílé ẹ̀kọ́. Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà nígbà náà, àwòrán odi ìlú àtijọ́ kan wà tó ní ẹnubodè gíga àti ilé ìṣọ́. Lọ́jọ́ tí kíláàsì dé ojú ewé yẹn, Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ àwòrán náà, ó rọra sọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí pé, "Èmi àti ìwọ ṣì máa dúró sábẹ́ ilẹ̀kùn yìí." Láti ọjọ́ náà ni ìrìn àjò ti di ọ̀rọ̀ àárín wọn. Ọkọ dé, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá bímọ tán. Wọ́n bímọ tán, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá gbọ́njú. Àwọn ọmọ gbọ́njú, wọ́n bá tiwọn lọ, ewú sì ti ń yọ lórí àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì ń fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn ní ọsibítù, Aránṣọ ń fi tirẹ̀ gún aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí Aránṣọ fi sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́rẹ́. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ Nọ́ọ̀sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan, Nọ́ọ̀sì ní kó má dán an wò mọ́, pé orúkọ yẹn ní ẹni tó ni ín.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá fẹ́ ṣẹ níkẹyìn, Aránṣọ ló tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú kó máa wọ èyí tó wà nílé. Ó rán àkẹtẹ̀ méjì láti ara aṣọ búlúù kan náà, ó fi ọ̀já pupa sí tirẹ̀, ó fi ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè sí ti Nọ́ọ̀sì. Aṣọ tó ṣẹ́ kù ì bá tó ẹ̀kẹta. Kò rán an, nítorí èèyàn méjì ló ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, ó dé iwájú géètì Nọ́ọ̀sì, ó bá obìnrin méjì tí wọ́n dúró ti ẹrù.

"Mo ní kí n sọ fún ẹ lórí fóònù," Nọ́ọ̀sì wí, ó ti ń ṣí búùtù ọkọ̀, "mo tún ní kí n jẹ́ kó bá ẹ lójijì. O mọ̀ ọ́n. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Òun ló ń ka ìròyìn àárọ̀ lórí rédíò."

Bí obìnrin náà ṣe lanu báyìí, Aránṣọ mọ ohùn yẹn, nítorí ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ bó bá ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ohùn tó rọ̀, tó kún, bí ẹni pé wọ́n fi oyin pa ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú pé mo já lu ìrìn àjò yín. Kò sọ́jọ́ tí Abẹ́rẹ́ ò ní dárúkọ yín."

Abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ lára ju abẹ́rẹ́ gidi lọ. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń to ẹrù sínú búùtù, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Kò sí wàhálà," Aránṣọ wí. "Ọkọ̀ gba èèyàn márùn-ún."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ òun máa ń wú tí òun bá ká a kò níwájú. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, àmọ́ òótọ́ kì í sọ pé kí nǹkan má dunni. Aránṣọ gbé àpò oúnjẹ sórí ìjókòó iwájú, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn kó má baà ṣubú, ó wá dà bí ẹni pé àpò náà ló bá a rìnrìn àjò. Ẹni tó bá rí wọn lójú títì á rò pé dírẹ́bà àwọn obìnrin méjì kan ni.

Kí wọ́n tó jáde nígboro ló ti gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe mọra. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé ìyá rẹ̀ wá sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá, Nọ́ọ̀sì ló tọ́jú màmá náà títí ara rẹ̀ fi yá, àtìgbà náà ni wọn kò ti fi ara wọn sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwàdà tiwọn. Ọ̀kan á ní, "Bàbá oníbọ̀sẹ̀," èkejì á bú sẹ́rìn-ín, á dì mọ́ ikùn. Aránṣọ bèèrè pé ta ni bàbá oníbọ̀sẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti sọ ìtàn náà, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ délẹ̀.

"Àfi kí o wà níbẹ̀," Nọ́ọ̀sì wí, ó ń nu ojú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ọdún bíi mélòó kan kéré sí wọn. "Ẹ̀yin" ló ń pe Aránṣọ, àti Àǹtí, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, "ìwọ" ló ń pè é. "Abẹ́rẹ́, gbé omi yẹn fún mi. Àǹtí, ṣé ẹ máa mu omi?" Ẹlòmíràn á ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún òun. Lójú Aránṣọ, ògiri ni wọ́n mọ.

Ọ̀sán ni wọ́n dé ìlú olódi. Òun gan-an ni, ìlú inú ìwé. Odi náà ga, ó pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n yan nínú iná, ẹyẹ sì ti ṣe ìtẹ́ sínú àwọn ihò ara rẹ̀. Wọ́n wọ àwọn àdúgbò tí ọ̀nà wọn há débi pé tí ẹni méjì bá pàdé, ẹnì kan á fẹ̀gbẹ́ kọjá. Òkúta ojú ọ̀nà ti dán nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́. Aṣọ tí wọ́n sá ń rọ láti fèrèsé dé fèrèsé lókè orí wọn, ológbò kan sùn sórí àtẹ̀gùn bí onílé. Inú Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn. Ó yíjú padà láti fi ológbò náà han Nọ́ọ̀sì, ó rí i pé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti fi í hàn án.

Oòrùn mú. Nọ́ọ̀sì bọ́ àkẹtẹ̀ orí rẹ̀, ó fi dé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. "Gbà, jàre. Orí tèmi ti mọ oòrùn."

Ó bá a mu. Èyí ló wá burú jù níbẹ̀. Aránṣọ tó gé aṣọ yẹn, tó wọn etí rẹ̀ nígbà mélòó kan kó lè bá ojú Nọ́ọ̀sì lọ, òun náà rí i pé ojú Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló bá lọ jù.

Ní ààfin àtijọ́, bàbá arúgbó tó ń fi àlejò mọ̀nà gbọ́ ohùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó dúró gbagidi. "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń kí wa láàárọ̀?" Ó gbàgbé gbogbo àlejò tó kù. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó ní ilé ìṣọ́ òkè wà ní títì fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ohùn tó ń jí òun lójoojúmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bèèrè.

"Kí wọ́n máa tẹ̀ lé yín."

Bẹ́ẹ̀ ni Aránṣọ ṣe gun ilé ìṣọ́ tó ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré. Bí ọmọ ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ṣe gùn ún.

Wọ́n dé ẹnubodè. Ilẹ̀kùn náà tóbi ju ti inú ìwé lọ, ìṣó irin kún ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́ra, ó na fóònù rẹ̀ sí Aránṣọ. "Bá wa ya fọ́tò." Aránṣọ yà á. Nọ́ọ̀sì wá ní, "Ó yá, ìwọ náà wá," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì gba fóònù, àmọ́ bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn àjò kan ti yà wọlé, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Fọ́tò tí wọ́n yà, táyà bọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú kejì, oko àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún, oko àgbàdo ló wà lósì, òkè sì yọ orí níwájú bí ẹ̀yìn ràkúnmí. Àgùntàn ń sọdá, wọ́n dúró de àgùntàn. Aránṣọ tan rédíò, ó bá ìròyìn àárọ̀ tí wọ́n ń tún gbé sáfẹ́fẹ́ pàdé, ẹni tó ń dí àyè Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń kà á.

"Ẹni yìí mà mọ̀wé kà gan-an," Aránṣọ wí. "Ohùn rẹ̀ já geere."

"Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí látẹ̀yìn, inú rẹ̀ dùn. "Mo máa sọ fún un pé ẹ yìn ín, Àǹtí."

Aránṣọ pa rédíò. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kò yà fún kòtò kan ṣoṣo.

Afárá òkúta ni ìlú kejì fi gbajúmọ̀, afárá náà sì lẹ́wà lóòótọ́, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ilé onígi pupa àti ilé onígi àwọ̀ ewé tò sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìtura tí wọ́n dé sí ni Aránṣọ kò ní gbàgbé. Obìnrin tó ni ín ní yàrá méjì ló kù, ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan ní ẹyọ kan.

"Aránṣọ ló máa gba ẹlẹ́yọ," Nọ́ọ̀sì wí kíákíá. "Ó ń hanrun. Ẹni tó bá sùn tì í máa rò pé wọ́n ń la pákó ni."

Obìnrin onílé rẹ́rìn-ín. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé kí lèèyàn tún lè ṣe? Bí wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́yọ rẹ̀ láìbọ́ bàtà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó tẹ́ sórí àga kan, ìkòkò omi kan, àti díńgí tó ti ń ṣú ní igun. Ògiri náà fẹ́lẹ́. Ó ń gbọ́ wọn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn o, ẹ̀rín wọn nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àwọn tó ní nǹkan láti fi pa mọ́. Ó bá ara rẹ̀ tó dìde, tó lẹ etí mọ́ ògiri, àgbàlagbà obìnrin tó ti ní ọmọ ọmọ. Ojú ti í. Kò mú etí kúrò.

"Kò tíì mọ̀," ohùn Nọ́ọ̀sì wí, ìyẹn nìkan ló dá a lójú pé òun gbọ́.

Ta ni kò tíì mọ̀? Kí ni kò tíì mọ̀? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí òkúta, kò sì dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lórí tábìlì oúnjẹ, Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ojú ẹ wú."

"Ìhanrun ni," Aránṣọ wí. "Ó máa ń mú ojú wú."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ nǹkan kan, ó wá na ọwọ́ mú búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó dé ìlú kẹta, wọ́n yà síbi ilé odi ogun kan tó ti wó, tó wà ní téńté òkè lẹ́yìn abúlé kékeré kan. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sí àlejò mìíràn. Ògiri fífọ́ ni, koríko tó ga dé ìbàdí, àti atẹ́gùn tó ń súfèé nínú àwọn ojú ihò tí àwọn ọmọ ogun ń ta ọfà gbà láyé ọjọ́un. Wọ́n rìn káàkiri. Nígbà tó rẹ Nọ́ọ̀sì, ó padà sínú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kò pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ òun gba ohùn atẹ́gùn náà sílẹ̀ fún ètò òun lórí rédíò. Ó fi àpò àti fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré náà, ó kọjá sẹ́yìn ògiri.

Aránṣọ jókòó sídìí sítíárìn. Láti ojú gíláàsì iwájú, ó ń rí àkẹtẹ̀ búlúù tó rán, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lókè ògiri, ọ̀já rẹ̀ ń fẹ́. Òjò ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè. Inú rẹ̀ dákẹ́ lójijì, irú dákẹ́ tí ilé máa ń dákẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń ba nǹkan jẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ó tan ọkọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ yí i padà kó kọjú sọ́nà ni. Ó yí i. Ó wo ẹ̀yìn nínú díńgí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti jáde sí ẹnu ògiri, ó dúró, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin nínú díńgí. Aránṣọ sì mú ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì, ó jẹ́ kí òkè náà gbé wọn lọ sísàlẹ̀.

Wọ́n kọjá abúlé. Wọ́n bọ́ sójú títì. Mélòó kan nínú wa ló máa jẹ́wọ́ pé ibi máa ń dùn? Ó dùn. Kò sí ohùn olóyin kankan nínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ń mí lẹ́yìn rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan, lójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórí bẹ́ńṣì. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ohùn.

Òjò ta sára gíláàsì. Nọ́ọ̀sì yí ara padà, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Fún mi lómi, jọ̀ọ́," ó wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó lajú. Ó fọwọ́ tẹ ìjókòó tó ṣófo.

"Níbo ló wà?"

"Ta ni?"

"Aránṣọ, níbo ló wà?"

"Áà," Aránṣọ wí, etí ara rẹ̀ ni ó fi gbọ́ bí irọ́ náà ṣe tẹ́. "Mo rò pé ó wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ."

"Yí ọkọ̀ padà."

Aránṣọ yí i padà, wọ́n tún gun òkè náà. Òjò ti ń rọ̀ gidi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ọ̀nà ògiri kan tí kò tíì wó tán, òun àti obìnrin abúlé kan tó ń da ewúrẹ́, wọ́n jọ fi àpò ọ̀rá kan borí. Ó tutù wìnrìnwìnrìn. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà wà lábẹ́ apá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì sáré bọ́ sílẹ̀, ó fi aṣọ ìbora bò ó.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo Aránṣọ tó wà nídìí sítíárìn, lẹ́yìn náà ó wo Nọ́ọ̀sì. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ó wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo tún un pa, mo ní kí n sáré wo ẹ̀yìn ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i. Àǹtí á ti rò pé mo ti wọlé ni. Ta ló máa mọ̀?"

Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Aránṣọ mọ̀, ẹni tó sọ ọ́ náà mọ̀. Ó yẹ kí ara tù ú. Dípò bẹ́ẹ̀, owú náà tún gbé orí mìíràn dìde. Obìnrin yìí ti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti gba àkẹtẹ̀, ó ti gba orúkọ, ó tún wá fẹ́ gba inú rere mọ́ ọn. Kí ló kù fún èèyàn?

Etí odò ńlá kan ni ìlú kẹta wà, ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ tò létí omi, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tó ń wo òjìji ara wọn. Bí wọ́n ti já ẹrù, Nọ́ọ̀sì lọ wá tíì gbígbóná. Aránṣọ kan ilẹ̀kùn yàrá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó bá a tó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu irun.

"Kí ló dé tó o fi purọ́?"

"Ẹ jókòó, Àǹtí."

"Mi ò jókòó. O rí mi."

"Mo rí yín. Ẹ̀yin náà sì rí mi." Ohùn rẹ̀ ti ha, òtútù ti mú un, kò jọ ohùn orí rédíò mọ́. "Tí mo bá sọ òótọ́ lórí òkè yẹn, ẹ̀yin méjèèjì máa jà. Tẹ́ ẹ bá jà, ta ló máa wa ọkọ̀ wa délé? Abẹ́rẹ́ ò mọ ọkọ̀ wà rárá, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n wà dáadáa."

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó há a mọ́nú.

"Inú bí mi o," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí. "Ẹ má rò pé mo jẹ́ èèyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sínú òjò, mo sì ṣépè fún yín. Ìyá eléwúrẹ́ yẹn gbọ́ ọ, ó ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n èmi náà ti jowú yín láti ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìtàn tó bá sọ, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Tí mo bá ṣe nǹkan tó dáa, á ní, 'Aránṣọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.' Mo pè é ní Abẹ́rẹ́ kí n lè ní díẹ̀ níbẹ̀ ni. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó kàn ń gbà á fún mi ni."

Aránṣọ wá jókòó. Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí. "Nǹkan kan wà tó yẹ kó sọ fún yín. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà nìkan rìn lọ sí etí odò. Òjò ti dá. Ọkùnrin kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní ọ̀dà, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá. Wọ́n jókòó sórí ògiri òkúta kan.

"Mo fi í sílẹ̀ ni," Aránṣọ wí. "Mi ò gbàgbé rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ó sọ fún ẹ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà wo lo gbàgbé nǹkan rí? Ìwọ tí ìwọ̀n ìbàdí gbogbo àdúgbò wà lórí ẹ." Nọ́ọ̀sì ń wo omi. "Mò ń dúró kó o fẹnu ara ẹ sọ ọ́. Tó ò bá sọ ọ́, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe."

"Kí ló dé tó o fi mú un wá, Abẹ́rẹ́? Tèmi tìẹ la ṣe àdéhùn."

Nọ́ọ̀sì fa èémí. "Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù ẹ. Mò ń lọ. Ọmọ mi àgbà tó wà lókè òkun ti bí ìbejì, ó ní kí n máa bọ̀, ọsibítù kan níbẹ̀ sì ti gbà mí síṣẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi náà ti fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ èmi àti ìwọ nìkan la wà nínú ọkọ̀, o máa bi mí ohun tó ń ṣe mí ká tó jáde ládùúgbò. Mo máa sọ ọ́, ojú ẹ á sì rí bó ṣe rí yìí, ìrìn àjò á dópin níbẹ̀. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹnubodè yẹn."

Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kì í ṣe ìlọ náà ló kọ́kọ́ dùn ún.

"Òun mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"O sọ fún un, o ò sọ fún mi."

"Torí ó rọrùn láti sọ fún un ni. Mo sọ ọ́ tán, ó kí mi kú oríire, a tẹ̀ síwájú. Kò sí ohun tó já níbì kankan nínú mi." Nọ́ọ̀sì yíjú sí i níkẹyìn, ojú rẹ̀ ti kún. "O ò rí i ni? Ẹni téèyàn lè tètè sọ fún kọ́ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ì bá sàn kó o sọ ọ́."

"Ì bá sàn. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún."

"A kì í ṣe ogún," Aránṣọ wí. "Méjì ni wá."

Ó wá sunkún. Ó sunkún tìbínú-tìbínú, láìbo ojú, títí ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ fi gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sí apá kejì ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì dì í mú. Aránṣọ kọ́kọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà kò tì í mọ́. Lórí ògiri yẹn, ó ní òun ò tíì dárí jì í. Nọ́ọ̀sì ní òun náà ò tíì dárí ọ̀rọ̀ òkè jì í. Wọ́n jọ jókòó bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó gbéra lọ sílé, Aránṣọ lọ bá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì, ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ́ sílẹ̀ nínú òjò. Jọ̀wọ́, má bínú." Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ó ti tán, ó wúkọ́, ó tún ní ó ti tán. Ojú Aránṣọ wú débi pé kò lè wakọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló gba sítíárìn fún ibi tó gùn jù lójú ọ̀nà, ó sì wà á bí ẹni tó ń jà pẹ̀lú jíà, ọkọ̀ ń ta gìrì, ó ń kú lórí òkè, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Inú Aránṣọ dùn díẹ̀ pé nǹkan kan wà láyé tí obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Nọ́ọ̀sì lọ kí ọdún náà tó parí. Aránṣọ sìn ín dé pápákọ̀ òfúrufú, kò sunkún níbẹ̀, ó ní òun ti sun tòun. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò lè tan rédíò láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n bá òun fún ẹ̀gbẹ́ búláòsì kan. Búláòsì náà bá a mu rẹ́gí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fún níbẹ̀. Aránṣọ fún un ní àga. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á yà, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, ìjà díẹ̀ á wà lórí ẹni tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún. Aránṣọ kì í gbà fún un, òun náà kì í gbà fún Aránṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì pè, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ara rẹ̀ le. Àwọn ìbejì ti ń rá. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ òun ti rí ọ̀rẹ́ kan, obìnrin tó ń dáná ní ọsibítù náà, ọlọ́yàyà èèyàn, tó máa ń mú òun lẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dun òun. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì fẹ́ jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ìlú àtijọ́ kan tó wà nítòsí ibẹ̀.

Aránṣọ gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Ta nìyẹn?" àwọn méjèèjì bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà.